Ọ̀nà Yangí, Orí Òkè, Ìlú Àtijọ́: Níbo Ni Ọmọ Sùúrùlérè Lè Gun Kẹ̀kẹ́ Dé?

ÌBÉÈRÈ

Ìtìrẹ̀ ní Sùúrùlérè ni mo ń gbé, Yábàá ni ibi iṣẹ́ mi wà. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́. Tó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, màá gbéra nílé, màá gba Màṣá, màá gba iwájú pápá ìṣeré ńlá nì kọjá, màá tẹ̀ ẹ́ dé Yábàá, màá sì ti padà wálé kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó dí ọ̀nà. Ó ń ṣe ara mi lóore gan-an. Àmọ́ ojú ọ̀nà kan náà ti ń sú mi, àwọn oní-dánfó kì í sì í jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀.

Mo máa ń wo àwọn òyìnbó lórí fóònù, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, nínú igbó, lórí òkè, tí wọ́n á tún gba inú ìlú àtijọ́ kọjá. Ṣé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá, tí ẹni tó ń gbé Èkó lè gùn ní òpin ọ̀sẹ̀? Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ oníjíà ni mo ní, táyà rẹ̀ nípọn díẹ̀. Ṣé ó tó, àbí kí n máa tọ́jú owó fún òmíràn? Àbúrò mi obìnrin náà fẹ́ bá mi lọ. Màmá wa ní àwọn kò ní gbà, nítorí àwọn ajínigbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Agunkẹ̀kẹ́, Ìtìrẹ̀, Sùúrùlérè

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Bá mi kí àbúrò rẹ, kí o sì bá mi kí màmá yín kí o tó kí ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú lẹ́tà rẹ. Màá dé orí rẹ̀.

Ọ̀nà wà. Ó pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ìjẹ̀bú ni o lọ o, Ẹ̀gbá ni o, Ìjẹ̀ṣà ni o, kò ní pẹ́ tí o bá yà kúrò lórí títì ọlọ́dà tí wàá fi bá ilẹ̀ pupa pàdé: ọ̀nà oko kòkó, ọ̀nà abúlé, ọ̀nà tí àwọn agégẹdú là. Ọ̀nà yangí ni gbogbo wọn. Orí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀, tíṣà àti katikíìsì ti ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh láyé àwọn bàbá wa, tí wọ́n ń di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà, má rò pé nǹkan àwọn òyìnbó ni ò ń yá lò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda, tí òkè kún inú rẹ̀, ló gbàlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ti ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wáyé nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣáájú. Ní agbègbè Tuscany ní Ítálì, láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn kẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ L'Eroica, ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sì fi dá a sílẹ̀ ni pé wọn kò fẹ́ kí ọ̀nà funfun tí kò ní ọ̀dà parẹ́ nílẹ̀ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ má gbé ọ̀rọ̀ náà wọ abúlé wa. Àgbẹ̀ tí tòmátì rẹ̀ ti fọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ kó tó dé ọjà, aboyún tí wọ́n fi ọ̀kadà gbé gba inú kòtò lọ sọ́sibítù, ta ni nínú wọn ló fẹ́ gbọ́ pé ọ̀nà eruku dùn? Gùn ún, gbádùn rẹ̀, má yìn ín lójú wọn. Tí wọ́n bá bèèrè bí o ṣe rí ọ̀nà sí, sọ pé Ọlọ́run á bá wa ṣe é, kí o sì sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni Erédò Sùńgbọ́, ní Ìjẹ̀bú. Kì í ṣe pé ó sún mọ́ Èkó nìkan ni mo ṣe mú un. Mi ò mọ ibòmíràn tí igbó, ilẹ̀ pupa àti ìtàn ti wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Iyàrà ni Erédò. Àwọn baba ńlá àwọn Ìjẹ̀bú gbẹ́ kòtò, wọ́n sì fi erùpẹ̀ inú rẹ̀ mọ odi sí etí rẹ̀, ó sì yí ilẹ̀ náà po tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé téńté odi tó 20 mítà. Tí o bá gbé ilé alájà mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀, agbára káká ni òrùlé rẹ̀ yóò fi yọ. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe gbogbo èyí. Ìtàn tí àwọn ará Òkè-Ẹ̀rì ń sọ ni pé obìnrin olówó kan tí kò rí ọmọ bí, Bílíkísù Sùńgbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Ní ọdún 1999, ọ̀mọ̀wé Patrick Darling láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ Erédò jáde, àwọn ìwé ìròyìn káàkiri ayé sì gbé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tí ń kọjá lọ síbi ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ń dùn mí.

Ẹ tètè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ẹ di gbogbo rẹ̀ sínú àpò ńlá, kí ẹ sì bá dírẹ́bà dúnàádúrà owó ẹrù kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe lójú ọ̀nà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ẹ̀rì, kò jìnnà. Ẹ má kọrí sí inú igbó tààrà. Ẹ béèrè àwọn àgbà, ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tó gbé yín wá, kí wọ́n fún yín lẹ́ni tí yóò mú yín dé ibẹ̀. Sọ fún àbúrò rẹ kó tó kúrò nílé pé èèwọ̀ wà fún obìnrin ní ojú oórì Sùńgbọ́, kó má baà dà bí ìwọ̀sí sí i nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró. Erédò fúnra rẹ̀ gùn, ibi tí òun náà ti lè wò ó pọ̀. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lókè, ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ògiri rẹ̀ pupa, ewéko wẹ́wẹ́ bò ó, àwọn igi sì ti pàdé lókè débi pé ìsàlẹ̀ tutù lọ́sàn-án gangan. Má ṣe gun kẹ̀kẹ́ lórí odi náà láéláé, bó ti wù kó dán ọ wò tó. Erùpẹ̀ ni, ipa táyà kan ni òjò yóò tẹ̀ lé tí yóò fi di ọ̀gbun.

Lẹ́yìn náà, ẹ dorí kọ gúúsù sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀nà ńlá tó wà láàárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ẹ̀pẹ́ kò ju bí 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko tó ń yà kúrò lára rẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa gbà, ẹ máa jáde sí títì nígbà tí ọ̀nà oko bá pin. Pẹ̀lú ìyàbàrá gbogbo, ó lè tó 50 kìlómítà lápapọ̀, ó sì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ọdún 1851. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé tó wà níbẹ̀ lónìí sì jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ wọn. Ọjà ẹja etí ọ̀sà ni kí ẹ ti sinmi.

Èkejì ni Abẹ́òkúta, ọkọ̀ ojú irin ni kí ẹ wọ̀ débẹ̀. Ibùdó Mobolaji Johnson ní Alágòmejì kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ rẹ rárá. Ojú irin tuntun yìí, tó gùn ní 157 kìlómítà láti Èkó dé Ìbàdàn, ti ń gbé èrò láti ọdún 2021. Lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó náà sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ di kẹ̀kẹ́ náà. Má dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ gbalaja. Ibùdó Wole Soyinka ní Láderin ni ẹ ó ti sọ̀. Ẹ gun Olúmọ, ibi ààbò tí àwọn Ẹ̀gbá rí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ní ọdún 1830. Ẹ gba Aké, níbi tí ilé ìjọsìn St Peter wà. Ẹ rántí pé ìlú yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859. Ẹ gba Ìtòkú wo aláàdìrẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ jáde sí ìhà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ àti Odẹ̀dá, níbi tí àpáta ti ń yọ orí láàárín oko. Tírélà tó ń kó òkúta pọ̀ lójú títì níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ àforítì níbẹ̀: ẹ kúrò lójú títì fún wọn. Tí ẹ bá sì ń ronú àtigun kẹ̀kẹ́ láti Sùúrùlérè lọ sí Abẹ́òkúta gba Sángò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni màrósẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Òkè tí ọkàn rẹ ń fà sí gan-an, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló wà. Èyí kọjá òpin ọ̀sẹ̀. Gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ṣe ibùdó. Olúmirin wà níbẹ̀, omi tó ń já láti orí òkè ní ìpele méje, tí ìtàn sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa gòkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, ìlú tí òkè yí po. Ẹ ó là á já, àmọ́ ẹ fi jíà tó fúyẹ́ jù lọ gùn ún, ẹ má bá ara yín sáré. Ẹ wo iṣẹ́ igi tó sọ orúkọ Agbọnbíọ̀fẹ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Tí màmá yín bá fẹ́ràn ìtàn ìsọjí, sọ fún wọn pé ojú ọ̀nà Ayọ̀ Babalọlá lẹ gbà: Òkè-Ooye ní Iléṣà ni ìsọjí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1930, kó tó wá sí Ẹ̀fọ̀n.

Láti Ẹ̀fọ̀n ẹ kọrí sí Òkèmẹ̀sí àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ni orí mi ti máa ń wú. Ojú ogun Kírìjì ni ẹ wà. Òkèmẹ̀sí ni ìlú Fábùnmi, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ọ̀rọ̀ fi di ogun; Ògèdèǹgbé kó àwọn Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn, Ààrẹ Látòósà kó Ìbàdàn, ó sì kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá wà lára àwọn òjíṣẹ́ àlàáfíà tí wọ́n rán. Ẹni tó bá fi mọ́tò gba ibẹ̀ kò lè mọ ìdí tí ogun náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fi ẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ gun òkè wọ̀nyẹn, kí èémí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí o bojú wẹ̀yìn wo àfonífojì tó wà láàárín ìhà Ìgbájọ àti ìhà Ìmẹ̀sí. Nígbà náà ni wàá mọ ohun tó túmọ̀ sí láti gbé ìbọn àti oúnjẹ gòkè yẹn ní ọdún dé ọdún.

Kẹ̀kẹ́ rẹ tó. Má náwó sí òmíràn. Tí táyà rẹ bá jẹ́ ìnṣì 26, inú mi á tún dùn sí i, torí táyà àti túùbù rẹ̀ wà káàkiri; kẹ̀kẹ́ olówó gegere tí táyà rẹ̀ bá ya ní Ìmẹ̀sí, ibẹ̀ ni yóò sùn. Kí táyà fẹ̀ tó 40 mílímítà, ó kéré tán, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ má sì le jù: nǹkan bí 40 lórí òǹkà pọ́ọ̀ǹpù ti tó. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: ẹnu túùbù. Tó bá jẹ́ èyí tínínrín, tí kò rí bíi ti mọ́tò, ẹ̀rọ fọkanáísà kò ní bá a mu, bó ti wù kó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ tó. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dé mọ́ ọn tí yóò fi bá a mu, kò wọ́n, rà á. Mú túùbù méjì, pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́, sípánà àti ohun tí a fi ń lẹ túùbù dání. Yẹ rọ́bà bùréèkì wò kí ẹ tó lọ sí Ẹ̀fọ̀n, torí ẹni tó gòkè yóò sọ̀ kalẹ̀. Lórí yangí, dẹwọ́ eré kí o tó dé kọ́nà, má fa bùréèkì iwájú lójijì nígbà tí o bá ti wà nínú rẹ̀. Má fi gírísì sí ṣéènì, eruku pupa á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì jẹ ẹ́. Òróró díẹ̀ ni, kí o nù ún gbẹ.

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni àsìkò rẹ̀ dára jù. Eruku ọyẹ́ wà nínú rẹ̀, ẹ fi nǹkan bo imú. Tí òjò bá dé, yangí gidi ṣì ṣeé gùn, amọ̀ ni yóò dí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ pa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín kó omi tó lítà mẹ́ta dání.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ màmá. Wọn kò parọ́. Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ ní ojú ọ̀nà Èkìtì, ní Oǹdó, ní Ìbàràpá, àti lójú màrósẹ̀ Ìbàdàn. Nítorí náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ lọ ní ẹ̀yin méjì péré. Ẹ wá àwọn mìíràn, kí ẹ tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ máa gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, kí ẹ sì ti wọ̀lú kó tó di aago mẹ́rin. Ní ìhà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ẹ kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní ọdún 2020, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá àwọn ọlọ́kadà ní ibùdókọ̀ wọn. Òfin mi nìyí, mi ò sì ń yẹ̀ ẹ́: ọ̀nà tí ọlọ́kadà ìlú bá ní òun kò ní gbà lọ́jọ́ yẹn, èmi náà kò ní gbà á, bó ti wù kí ó hàn dáadáa tó lórí máàpù fóònù.

Ohun tó sì tún ń ṣọ́ èèyàn ni ìkíni. Agunkẹ̀kẹ́ tó dé ìbòrí, tó fi gíláàsì dúdú bojú, tó ń sáré gba abúlé kọjá láìsọ̀rọ̀, ẹ̀rù ló ń dà sí wọn láyà. Wọn kò mọ ẹni tó jẹ́. Bọ́ gíláàsì náà. Dẹwọ́ eré. Ẹ kú oko, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìkálẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn àgbà, kí o dọ̀bálẹ̀, kí àbúrò rẹ kúnlẹ̀. Abúlé tí o bá kí báyìí ni yóò sọ fún ọ pé afárá tó wà níwájú ti já, pé àwọn darandaran kan tí àwọn kò mọ̀ rí kọjá lánàá, pé ilé olórí wà tí ẹ lè sùn sí. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn lé aṣọ kẹ̀kẹ́ tó fún mọ́ra, kí àbúrò rẹ sì mú ìró kan sínú àpò. Ẹ ó wọ ààfin, ẹ ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Nítorí pé obìnrin wà nínú yín, ẹ béèrè nípa Orò kí ẹ tó lọ sí Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀, ọ̀nà kò sí fún un. Agẹmọ náà ń bẹ ní Ìjẹ̀bú, nínú oṣù keje. Obìnrin kì í pàdé wọn lọ́nà. Ẹ sún ìrìn àjò síwájú, kò gba àríyànjiyàn.

Má purọ́ fún màmá yín pé Yábàá lẹ lọ. Kọ orúkọ àwọn ìlú náà sílẹ̀ fún wọn, fún wọn ní nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ máa sùn sílé rẹ̀, kí ẹ máa pè wọ́n lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Òkè-Ẹ̀rì pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, láìmú kẹ̀kẹ́ dání, kí wọ́n rí ibẹ̀, kí wọ́n sì bá àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gun kẹ̀kẹ́ gidi, ẹ rí i pé ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah àti Lẹ́kí kò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín.